Mo Pe Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Lórúkọ Lábẹ́ Àjà Tó Já

Wọ́n ní kí n wá kúnlẹ̀ ní Sátidé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi: mi ò jalè, mi ò ṣe àgbèrè, mi ò bú ìyá ẹnikẹ́ni. Orúkọ ni mo pe. Mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní orúkọ tí bàbá wọn sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, èyí tí àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é láràárọ̀ tí kò bínú. Nítorí ẹ̀ ni gbogbo ẹbí ọkọ mi, láti Eastbury ní London níhìn-ín títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, fi dìde sí mi, tí ọkọ mi kò sì jẹ oúnjẹ mi mọ́. Níbi tí mo jókòó sí yìí, àjà yàrá kejì ti já wálẹ̀, páànù òrùlé là ń wò láti inú yàrá, bọ́kẹ́ẹ̀tì ló sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbi tó yẹ kí ọmọ mi sùn sí. Ọmọ náà kò sí nílé. Ó wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Mayesbrook, torí pé kò lè mí nínú ilé ìyá rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní ká jókòó sọ̀rọ̀ àjà. Orúkọ, orúkọ, orúkọ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Inú ń bí mi.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a wà nínú yàrá kan ṣoṣo ní Dagenham Village, èmi, ọkọ mi àti Àríkẹ́ ọmọ wa, owó ilé ń jẹ wá bí ikán. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, èmi ń dáná fún àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan. A tu owó jọ títí a fi ra ilé tiwa ní Dagenham náà. Kì í ṣe ilé bíríkì o. Ilé tí wọ́n fi orí táyà gbé wá ni, tí wọ́n wá gbé kalẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní mobáìlì hóòmù. Ó ti gbó. Ó dàgbà ju èmi tí mo rà á lọ, bóyá ni kò dàgbà ju ọkọ mi náà. Ṣùgbọ́n tiwa ni! Lọ́jọ́ tí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún wa, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo sunkún ayọ̀. Mo gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Àríkẹ́ ní yàrá tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń tì í, ó ń ṣí i, ó ń tì í, títí mo fi ní kó má yọ ọ́ lára ògiri.

Àjà ilé náà nìkan ló ní àrùn. Ó ti rọ̀ sísàlẹ̀ láàárín, ó ní àmì omi aláwọ̀ ilẹ̀ káàkiri, bí ọkọ̀ bá kọjá ní títì, erùpẹ̀ á máa já sínú ìrẹsì wa. Òtútù sì ń gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni pé a sùn síta. Aládùúgbò wa, ìyá òyìnbó kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí mo ń pè ní Ìyá Píìtà torí ọmọ rẹ̀, wá wò ó, ó mi orí. Ó ní tiòun náà rí bẹ́ẹ̀ rí. Ó mú mi lọ sílé rẹ̀, ó fi ohun tí wọ́n ṣe hàn mí, ó sì sọ ọ́ kó yé mi. Ó ní ká kọ́kọ́ dí ibi tí òrùlé ti ń jò, ká jẹ́ kí igi òkè gbẹ dáadáa, ká yọ èyí tó bá ti jẹrà. Ó ní ẹ̀yìn ìyẹn la tó máa tẹ́ òwú tí ń dá òtútù dúró sí i, ká fi ọ̀rá bo abẹ́ òwú náà níhà ọ̀dọ̀ àwa èèyàn, ká tó wá kan pákó àjà. Ó wá nawọ́ sí àwọn ihò kéékèèké tó wà létí òrùlé níta. Ó ní, ‘Ohun tó o bá máa ṣe, má dí àwọn ihò yìí o. Ibẹ̀ ni ilé ti ń mí.’ Ó ní èémí wa, ooru ìkòkò wa, omi gbígbóná tí a fi ń wẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń gòkè, tó bá lọ kan páànù tútù tí kò rí ọ̀nà jáde, omi ló máa dà. Ṣé èmi tí mo ń fojoojúmọ́ ṣí ọmọrí ìkòkò ni ìyẹn ò ní yé? Ó yé mi kíá. Ó ní ọkùnrin tó ṣe tiòun á wá wo tiwa. A ti fi ọjọ́ sí i.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n bí nígbà tó ku ọ̀la ìgbéyàwó. Ọkọ Àgbà ni mo sọ ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Òun ló mú ọkọ mi wá sí London, òun ló fún un ní ibi tó kọ́kọ́ sùn sí. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe nílé kó tó wá síbí tó di ẹni tó ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí. Tó bá ti jókòó, ọ̀rọ̀ àwọn àjà tó kàn ní Ìjẹ̀bú ni: ilé lọ́yà báyìí, ilé alága báyìí, àjà tó dán tí èèyàn lè fi wojú. Nígbà tó gbọ́ pé òyìnbó fẹ́ wá ṣe àjà wa, ó pe ọkọ mi lórí fóònù, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná. ‘Èmi wà láyé, àlejò wá fẹ́ kan àjà fún ọ? Ṣé o fẹ́ káyé gbọ́ pé ọwọ́ mi ti kú ni?’ Ọkọ mi ń dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù. Èèyàn lè dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù o, ẹ ò tíì rí ọkọ mi ni. Bí wọ́n ṣe ní kí ọkùnrin Ìyá Píìtà má wá mọ́ nìyẹn.

Ọkọ Àgbà dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé ẹ̀bà àti ẹ̀gúsí fún un. Lẹ́yìn tó jẹun tán, mo tún kúnlẹ̀, mo ní, ‘Ọkọ Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o, Ìyá Píìtà ní ká kọ́kọ́ wo òrùlé, ká sì fi ọ̀rá...’ Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ìyàwó, ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni? Lọ wo ìkòkò rẹ.’ Ọkọ mi tẹjú mọ́ mi, ojú tó ń sọ pé má dójú tì mí. Mo dìde. Ó tú àjà àtijọ́, ó fọwọ́ kan igi òkè, igi tútù bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ó ní á gbẹ fúnra ẹ̀. Ó kó òwú sí i, kò fi ọ̀rá kankan sí i. Ó wá jáde síta, ó rí àwọn ihò etí òrùlé. Ó pariwo, ‘Há! Ẹ wo ihò! Ibí yìí ni àdán máa gbà wọlé!’ Mo ní, ‘Àdán kẹ̀, Ọkọ Àgbà? Ìyá Píìtà ní ibẹ̀ ni ilé ti ń mí.’ Ó ní, ‘Ilé ń mí! Ẹ gbà mí o, ilé tún ń mí ní London.’ Òun àti ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó gé fóòmù, ó fi dí gbogbo ihò náà pátápátá, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú, òótọ́ ni, tó o bá fi ihò sílẹ̀ lórí ilé, kí oṣù tó parí, àdán á ti máa tọ̀ sí ọ lórí. Ṣùgbọ́n ṣé Ìjẹ̀bú là ń gbé ni?

Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n purọ́, àjà náà lẹ́wà. Ó funfun, ó tẹ́jú, oríkèé pákó kan kò yà ju òmíràn lọ. Ọkọ mi yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, àdúrà ń rọ̀ láti Ìjẹ̀bú bí òjò. Ìyá ọkọ mi fi ohùn ránṣẹ́, ó ní ọwọ́ ọmọ òun kò ní rọ. Mo ṣe àmín.

Òtútù dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò kankan kò rọ̀, omi ń kán sórí tábìlì wa, tó, tó, tó. A pe Ọkọ Àgbà. Ó dé, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá wo ilé ìdáná mi. Ó ní, ‘Ìyàwó ló ń se ẹ̀wà jù.’ Ẹ̀wà! Ó ní kí n dín ẹ̀wà sísè kù, kí àwọn ará ilé má fi omi gbígbóná wẹ̀ pẹ́, ká sì máa ṣí fèrèsé. Ká ṣí fèrèsé nínú òtútù tí ń gé etí! Kí wá ni òwú tó kó sórí wa wà fún? Mo fẹ́ bi í. Ọkọ mi tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì. Kò pẹ́ ni ẹbu dúdú, bíi ti búrẹ́dì tó ti bu, bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní igun àjà yàrá Àríkẹ́, lókè orí rẹ̀ gan-an. Ọkọ Àgbà gbé ọ̀dà funfun wá, ó fi kùn ún. Ẹbu tún yọ. Ó tún kùn ún. Wọ́n máa ń sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, á ní kí wọ́n wo ìsàlẹ̀. Tiwa yàtọ̀, òkè gan-an ló wọ́, tí gbogbo wọn ò fẹ́ gbójú sókè wò.

Àríkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọmọ tí kì í ṣàìsàn! Àyà rẹ̀ ń dún fíì, fíì, bí fèrè tó ya. Dókítà ní àsímà ni, ó fún un ní ínhélà búlúù tí á máa fà sẹ́nu. Dókítà wá béèrè bí ilé wa ṣe rí, bóyá omi tàbí ẹbu wà níbẹ̀. Mo la ẹnu. Ọkọ mi ti dáhùn: ‘Ilé wa dára, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àjà rẹ̀.’ Níwájú dókítà! Nígbà tí a délé, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, ‘Bàbá Àríkẹ́, ẹ jẹ́ ká pe ọkùnrin Ìyá Píìtà kó wá tú àjà yìí. Ẹ jẹ́ ká yọ fóòmù yẹn nìkan náà.’ Ó ní tí a bá pe ẹlòmíì wá tú u, a ti tú ẹ̀gbọ́n òun síhòòhò nìyẹn. Mo ní, ‘Ọmọ ńkọ́?’ Ó ní Ọlọ́run á wò ó sàn. Ọlọ́run tó fi ihò sórí ilé yẹn kí ẹ tó dí i ńkọ́?

Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Ọkọ Àgbà wá kí wa. Ó jókòó ní pálọ̀, ó ń jẹ móínmóín, ó ń sọ ìtàn ilé alága. Àríkẹ́ wà nínú yàrá rẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé lórí bẹ́ẹ̀dì. A gbọ́ gbìì! Mo sáré wọlé. Àjà ti já. Pákó, òwú tó ti mu omi yó bí búrẹ́dì inú tíì, ẹbu dúdú, gbogbo rẹ̀ ló bo bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ rí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì wú u jáde. Orí rẹ̀ kò fọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ràn, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, kò sí ohun tó ń wọlé. Ó ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, ‘Mummy, kò wọlé. Kò wọlé.’ Ọkọ Àgbà yọ sẹ́nu ọ̀nà, móínmóín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Kò sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Kò sọ pé ọmọ dà. Ó ní, ‘Àríkẹ́, kí lo fi lu àjà?’

Mo pariwo, ‘Gàníyù!’ Kì í ṣe pé mo rò ó. Ó kàn jáde ni. ‘Gàníyù! Ìwọ lo pa ọmọ mi! Gàníyù, jáde nínú ilé mi!’ Ọkọ mi tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ń wò mí. Ọmọ rẹ̀ ń jà fún èémí lápá mi, ẹ̀yin èèyàn, èmi ló ń wò! Ó ní, ‘Kí lo pe ẹ̀gbọ́n mi?’ Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ: ‘Mo ní kí lo pe ẹ̀gbọ́n mi?’ Mo gbé ọmọ mi kọjá láàárín àwọn méjèèjì, mo fi èjìká gbá wọn dà nù. Ìyá Píìtà ti gbọ́ ariwo, ó ti dé ìta pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Òun ló wà wá dé ọsibítù. Arúgbó tí kò bá wa tan! Nígbà tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí Àríkẹ́ nímú, tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó yí sí mi, ó ní, ‘Mummy, ta ni Gàníyù?’ Ọmọ náà kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún.

Kí a tó kúrò ní ọsibítù ni fóònù ti ń dún. Ìyá ọkọ mi ni, láti Ìjẹ̀bú. Mo rò pé ọmọ ló fẹ́ béèrè. Ó ní, ‘Ìyàwó, ṣé òótọ́ ni pé o la ẹnu rẹ pe ọmọ mi lórúkọ?’ Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin pè. Àbúrò wọn pè. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí pè, ó ní òun ni olórí ẹbí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pa á? Àgbà mélòó ló wà lọ́jà tèmi yìí, tí orí ọmọ mi wọ́, tí ọ̀kan nínú wọn kò nawọ́ tún un ṣe? Wọ́n gbọ́ Gàníyù láti Dagenham dé Ìjẹ̀bú-Òde, wọn ò gbọ́ ikọ́ ọmọ mi láti pálọ̀ dé yàrá.

Wàyí o, ìdájọ́ wọn rèé. Ní Sátidé, gbogbo ẹbí tó wà ní London á pé sílé Ọkọ Àgbà ní Eastbury. Màá kúnlẹ̀, màá tọrọ àforíjì, ó máa dárí jì mí. Ẹ dúró, ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Lẹ́yìn tó bá dárí jì mí tán, gẹ́gẹ́ bí àmì pé kò sí ìjà mọ́, òun fúnra rẹ̀ á padà wá kan àjà náà fún wa. Ọkọ mi sọ ọ́ fún mi bí ẹni mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ó ní, ‘Ṣé o rí i, ẹ̀gbọ́n mi kò ní ìkùnsínú.’ Hẹ̀ẹ́! Ìyẹn ni pé orúnkún tí mo bá fi kanlẹ̀ ní Sátidé, òun ni wọ́n máa fi ṣe àkàbà tí yóò tún gùn lọ sókè orí ọmọ mi.

Lánàá, nígbà tí ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́, mo gbé àkàbà, mo yí òrùlé ká níta, mo fa gbogbo fóòmù yẹn jáde pẹ̀lú ọwọ́ mi. Ó ti gbó, ó ń rùn, omi ń kán lára rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, atẹ́gùn gba ihò kọjá, ó dún fùú. Ìyá Píìtà dúró nísàlẹ̀, ó di àkàbà mú fún mi. Ọkùnrin tó ṣe àjà tirẹ̀ ń bọ̀ ní Jímọ̀ wá wo òrùlé. Ọkọ mi kò tíì mọ̀. Bó bá mọ̀, kó mọ̀. Àríkẹ́ ò ní wọ ilé yìí títí igi òkè yóò fi gbẹ, bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bá sì tún gbé òòlù dé ẹnu ọ̀nà yìí, orúkọ rẹ̀ ni màá fi kí i káàbọ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin àgbà tó ń kà mí. Ṣé kí n lọ ní Sátidé? Mi ò fẹ́ kí ilé mi tú. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, òpònú tó jẹ́ náà. Orúnkún mi kò sì yarọ, mo ti kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yẹn látọjọ́ tí mo ti fẹ́ àbúrò rẹ̀, kò pa mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀, ṣé wọn ò ní sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé àjà kò já, pé ẹ̀wà ló ṣe gbogbo rẹ̀? Ẹ̀yin ìyàwó ilé bíi tèmi, ẹ fetí sí mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ẹ bá rí i tí àgbà kan ń dí ihò tí ọmọ yín fi ń mí, ẹ má ṣe kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣe lọ wo ìkòkò. Kó tó kan ìṣó àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti pè é lórúkọ. Ní tèmi, bí mo bá lọ sí Eastbury yẹn tí wọ́n ní dandan kí n kúnlẹ̀, Àríkẹ́ ni màá mú dání. Òun ni màá kúnlẹ̀ fún níwájú gbogbo wọn, torí pé láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti gbé àpò irinṣẹ́ wọlé ni mo ti mọ orúkọ rẹ̀, tí mi ò pè é.